Arthur Stanley Eddington, Olùwọn Ìràwọ̀

Ilé kan ṣoṣo ní Ìjọra lè ní ìjúwe púpọ̀. Ẹni tí ó ti Ìddó ń bọ̀ yóò ní kí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kí a tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ti Àpápá ń bọ̀ yóò ní kí a gba apá àríwá. Atukọ̀ ojú òkun kò ní dárúkọ Ìddó tàbí Àpápá rárá. Iye méjì péré ni yóò kà: dígírì 6 àti díẹ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé, àti dígírì 3 àti díẹ̀ sí ìlà-oòrùn ìlà òòró tí ó gba Greenwich kọjá ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ni ó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilé náà kò ṣí nídìí. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, ọ̀nà tí a gbà ka iye a máa tan ènìyàn jẹ. Ní ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá, gbogbo ìlà òòró ni ó pàdé lójú kan, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ èyí tí ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ayé kò fọ́ níbẹ̀, kò sì lù. Àbùkù inú àwòrán ayé lásán ni.

Láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àbùkù ìwọ̀n àti àbùkù ohun tí a ń wọ̀n, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Arthur Stanley Eddington, awòràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ òǹkà tí ó mú irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kúrò ní etí ohun àrà tí a ń pè ní ihò dúdú lónìí. Ó kọ ọ́ tán, ó gbé e kalẹ̀, kò sì sọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 1882, ni a bí Eddington ní ìlú Kendal, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni baba rẹ̀, ọmọ ìjọ Quaker sì ni òun àti aya rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ yìí gbà pé kò tọ́ kí ènìyàn gbé ohun ìjà sí ọmọnìkejì rẹ̀, ohunkóhun tí ìbáà ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí àìsàn ibà jẹ̀funjẹ̀fun jà ní ìlú náà ní ọdún 1884, tí ó sì pa baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Winifred, lọ sí ìlú Weston-super-Mare, ó sì fi owó táṣẹ́rẹ́ tọ́ wọn dàgbà.

Àtikékeré ni a ti í mọ ẹja tí yóò jẹ àkàn. Kí ọmọ yìí tó mọ ìwé kà dáadáa ni ó ti há ìlọ́po iye sórí títí dé 24 lọ́nà 24. Ní ọdún 1898, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, ó gba ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, ó sì wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Owens ní Manchester. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Cambridge ní ọdún 1902. Ní ọdún 1904, ó gba ipò kìíní nínú ìdánwò ìṣirò tí ó le jù lọ ní yunifásítì náà. Ọdún kejì rẹ̀ ní Cambridge ni ó wà nígbà náà, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1906 ó di olùrànlọ́wọ́ àgbà ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich, níbi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ìlà òòró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti í fi sùúrù wọn nǹkan. Ní ọdún 1909 wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Málítà láti lọ wá iye ìlà òòró ibẹ̀ ní pàtó. Ní ọdún 1912 wọ́n tún rán an lọ sí Bràsíìlì láti lọ wo oòrùn nígbà tí òṣùpá bá bò ó, tí ọ̀sán bá dòru. Òjò ni ó rọ̀ ní ọjọ́ náà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ọwọ́ òfo ni ó gbé padà wálé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, yunifásítì Cambridge fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, àti ní ọdún 1914 ó di olórí ilé ìwòràwọ̀ ibẹ̀. Ó mú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé náà, wọ́n sì jọ ń gbé. Kò fẹ́ ìyàwó títí ó fi kú.

Ní ọdún 1914 náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ìwé kò lè ti Jámánì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ará Jámánì sétí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein parí ìmọ̀ tuntun kan ní Berlin nípa agbára òòfà. Newton ti kọ́ni pé òòfà ni oòrùn fi ń fa ayé mọ́ra bí ẹni fi okùn fa ewúrẹ́. Einstein sọ pé kò sí okùn níbẹ̀: ohun tí ó bá wúwo a máa tẹ àyè àti àkókò tí ó yí i ká, ohun tí ó bá sì ń kọjá a máa tẹ̀ lé títẹ̀ náà, títí kan ìmọ́lẹ̀ pàápàá. Willem de Sitter, awòràwọ̀ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí kò sí nínú ogun, ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Eddington. Eddington rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì bèèrè irú ìlú tí ẹni tí ó sọ ọ́ ti wá.

Ẹni kan wà ní ìhà kejì ogun náà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú ìtàn yìí. Karl Schwarzschild, olórí ilé ìwòràwọ̀ Potsdam ní Jámánì, ti lé ní ẹni 40 ọdún, síbẹ̀ ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Ojú ogun tí wọ́n ti ń bá àwọn ará Rọ́ṣíà jà ni ó wà ní ìparí ọdún 1915 nígbà tí ó yanjú ìṣirò Einstein fún ohun kan tí ó rí róbótó tí kò sì yí lórí ara rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí Einstein, ẹnu sì ya Einstein pé ó ṣeé yanjú kíákíá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn awọ ara kan tí kò gbóògùn mú Schwarzschild lójú ogun, ó sì kú ní ọjọ́ 11, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1916. Ẹni ọdún 42 ni.

Ní ọdún 1918, ogun náà kan Eddington fúnra rẹ̀. Ìjọba ń fi ipá mú àwọn ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ sì fẹ́ gba àyè tí wọ́n ti fún un láti dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ nípa pé iṣẹ́ rẹ̀ wúlò fún orílẹ̀-èdè. Eddington kò sá lẹ́yìn ìyẹn. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ náà ní gbangba pé ẹ̀rí-ọkàn òun kò gbà kí òun jagun, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n tàbí àgọ́ iṣẹ́ líle ni wọ́n ń rán àwọn tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ lọ. Frank Dyson, olórí àwọn awòràwọ̀ ọba, ni ó bá a bẹ̀bẹ̀. Dyson ti rí i pé ní ọjọ́ 29, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1919, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá, àti pé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ yóò wà lẹ́yìn oòrùn lọ́jọ́ náà. Bí òótọ́ bá ni ohun tí Einstein wí, ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ náà yóò tẹ̀ bí ó bá ti ń kọjá lẹ́bàá oòrùn. Ìgbìmọ̀ náà gbà láti fi Eddington sílẹ̀ kí ó máa bá ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1919 ni òun àti Edwin Cottingham, ọ̀gá nínú iṣẹ́ aago, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool. Àwọn méjì mìíràn, Crommelin àti Davidson, forí lé Sobral ní Bràsíìlì. Erékùṣù Príncipe ni Eddington ń lọ, nínú omi òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, ní nǹkan bí 700 kìlómítà sí Èkó. Abẹ́ àwọn Pọtogí ni erékùṣù náà wà nígbà náà. Oko kòkó ni ó kún ibẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì to awò wọn sí oko Sundy.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ọkàn ẹni tí òjò ti lé padà láti Bràsíìlì ní ọdún méje ṣáájú kò lè ṣàìmì. Òjò náà dá nígbà tí ó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò kúrò lójú ọ̀run. Ní Èkó, apá kan oòrùn ni òṣùpá bò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní Príncipe, ó bò ó pátápátá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá wo oòrùn kò ráyè wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó gbójú sókè: láti mọ̀ bí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti láti wo bí ìkùukùu ti pọ̀ tó. Ìyókù àkókò náà, àwo gíláàsì ni ó ń pààrọ̀ nínú ẹ̀rọ. Àwòrán 16 ni wọ́n yà. Ìkùukùu ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́, tí ó fi jẹ́ pé méjì péré ni ó ṣeé fi ṣe ìwọ̀n tí ó péye.

Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìmọ̀ Newton lè fún ìmọ́lẹ̀ náà ní títẹ̀ tí kò pé ìpín kan, ìyẹn 0.87, ti Einstein fún un ní 1.75. Àwọn àwo Príncipe fi 1.61 hàn, àwọn tí ó dára jù lọ láti Sobral sì fi 1.98 hàn. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 1919, wọ́n kéde rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níwájú àpéjọ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kò pé ọdún kan tí ogun parí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi jáde láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọmọ Jámánì. Òkìkí Einstein kàn káàkiri ayé, ti Eddington náà sì kàn.

Ọ̀rọ̀ Schwarzschild kò tíì tán. Nínú òǹkà tirẹ̀, ibì kan wà tí ìṣirò ti ń dàrú. Bí a bá lè fún oòrùn kéré títí tí kò fi ní ju 3 kìlómítà lọ láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀, ohun tí ọmọ Ìjọra lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Àpápá, etí yẹn ni ìdàrú náà yóò wà. Ti ayé wa kò ní tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ohun tí ó bá wúwo ju oòrùn lọ lọ́nà mẹ́wàá, ti rẹ̀ yóò jẹ́ 30 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kí a fi ti oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ a máa sá eré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi aago ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn ka eré ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ̀ sí àárín, nígbà tí ó bá ku 6 kìlómítà, iye tí a óò kà jẹ́ 150,000, ní 4 kìlómítà ó di 75,000, ní 3.03 kìlómítà, kò pé 3,000 mọ́; ní 3 kìlómítà gan-an, òdo ni. Gẹ́gẹ́ bí òǹkà yìí, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé etí náà láé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri kan wà níbẹ̀, tàbí pé ibẹ̀ ni ayé parí sí.

Ní ọdún 1924, Eddington kọ ìwé kúkúrú kan láti fi ìmọ̀ Einstein wé ti Whitehead, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Láti lè fi wọ́n wéra, ó pààrọ̀ aago. Kò lo aago ẹni ọ̀nà jíjìn mọ́; ó ka àkókò lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ̀ sí àárín yóò fi máa sá 300,000 níbi gbogbo. Lójú kan náà, ìdàrú ti etí náà pòórá. Ní 6 kìlómítà, ní 4, ní 3, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láìsí ìdíwọ́. Àárín gbùngbùn nìkan ni ìṣirò ti ń dàrú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́ jáde ńkọ́? Nínú òǹkà tuntun yìí, ní 6 kìlómítà, eré 100,000 ni ó ń sá lọ síta. Ní 3 kìlómítà, òdo ni, ojú kan ni ó dúró sí. Bí ó bá sì ti wọ inú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àárín ni ó ń lọ bí ó tilẹ̀ kọjú síta.

Àwọn apẹja etí ọ̀sà mọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹja tí ó wọ inú ìgèrè kò bá ògiri pàdé lẹ́nu rẹ̀. Omi tí ó wà lóde náà ni ó wà nínú. Ìgbà tí ó bá fẹ́ padà ni yóò mọ̀ pé ọ̀nà àwọlé kì í ṣe ọ̀nà àbájáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ihò dúdú rí, òǹkà Eddington sì ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun mìíràn ni ó ń wá, kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa etí náà.

Nǹkan bí ọdún 11 lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà padà wá bá a. Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ Íńdíà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24, wà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ ti kú kò lè gbé ara rẹ̀ dúró bí ó bá wúwo ju oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.4, ńṣe ni yóò máa wó sínú ara rẹ̀. Eddington a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 1935, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn awòràwọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó ti jókòó ni Eddington dìde. Ó sọ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ náà yóò máa sún kì títí yóò fi ku ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀, tí òòfà rẹ̀ yóò fi há ìmọ́lẹ̀ mọ́ inú. Ó ní ìsọkúsọ ni èyí, ó sì yẹ kí òfin kan wà nínú ẹ̀dá tí kò ní jẹ́ kí ìràwọ̀ hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nítorí ọlá Eddington, kò sí ẹni tí ó jáde gbangba láti gbe ọmọ náà lẹ́yìn.

Ohun tí ó ṣeni láàánú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ojú Eddington ríran dé ibi tí ìṣirò ń lọ ju ti gbogbo àwọn tí ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó rí ilẹ̀kùn náà kedere; òun fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ òǹkà tí ó fi hàn pé kò sí ògiri lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù ìgbìmọ̀ ìjọba ní ọdún 1918, tí kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlú dí òun létí sí òtítọ́ tí ó ti Jámánì wá, ni ó di etí rẹ̀ sí òtítọ́ tí ọmọdé mú wá sínú ilé. Chandrasekhar kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gbé iṣẹ́ náà tì láti wá ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí gbàgbé oore Eddington. Òun ni ó kọ́ ayé ní bí inú ìràwọ̀ ti rí, òun ni ó sì dábàá ní ọdún 1920 pé híídírójìn tí ń di hílíọ́ọ̀mù lè jẹ́ orísun iná wọn, kí ẹnikẹ́ni tó lè fi í hàn. Ọba fi í joyè ní ọdún 1930. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 1944, àrùn jẹjẹrẹ pa á ní Cambridge, ní ẹni ọdún 61. Chandrasekhar kò di í sínú. Nígbà tí ó ń kọ̀wé ìrántí rẹ̀, ó kà á sí awòràwọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní ìgbà rẹ̀ lẹ́yìn Schwarzschild.

Ní ọdún 1958, David Finkelstein, ọmọ Amẹ́ríkà, tún òǹkà Eddington rí láìmọ̀ pé ẹnìkan ti kọ ọ́ rí, ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ síta: ilẹ̀kùn àwọlé láìsí àbájáde ni etí náà. Láti ìgbà náà, orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pè é. Ní ọdún 1983, Chandrasekhar gba ẹ̀bùn Nobel. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn awòràwọ̀ fi àwòrán àkọ́kọ́ ti ihò dúdú han aráyé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn péjọ sí Príncipe láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Eddington dé ibẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Eddington wọn ìràwọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé. Ìgbà tí ó yẹ kí ó wọn ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó ju òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn rẹ̀, kí ó mú ìgboyà rẹ̀ lò, kí ó mú sùúrù rẹ̀ lò, kí ó sì ṣọ́ra fún àṣìṣe rẹ̀.